Orúkọ Tí Mo Mú Lára Fọ́tò

Agbo-ilé Ọláoyè,
Ìlaró,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹfà, 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi Àṣìkẹ́,

Ẹ má bínú sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi o. Ó pẹ́ tí mo ti di bírò mú, ọ̀rọ̀ kì í sì í tètè bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà ní Owódé? Bọ̀dá ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá, ṣé ó ti ń fúyẹ́? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Fóònù ì bá yá ju lẹ́tà lọ, àmọ́ ògiri ilé yìí létí. Kòkúmọ́ tó ń wa mọ́tò wá sí ọ̀dọ̀ yín ni màá fi rán.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, nígbà tí ẹ ń dirun fún mi tí ìgbéyàwó ku ọ̀la, pé ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ, ìbáà jẹ́ ìkókó tí wọ́n bí ṣáájú ọjọ́ tó wọlé. Ẹ ní kí n wo ohun tó dára lára oníkálukú, kí n fi sọ ọ́. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Àbúrò ọkọ mi tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, mo sọ ọ́ ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Èyí tó máa ń rẹ́rìn-ín, Eyínfúnjowó. Inú wọn dùn, ìyá ọkọ mi pàápàá ní wọ́n kọ́ mi nílé.

Ó wá ku Azeezat. Mo lè kọ ọ́ síwèé, ẹnu mi ò gbọdọ̀ pè é. Ilé ìwé gíga ló wà nígbà tí mo dé, fọ́tò rẹ̀ nìkan ni mo ń wò lára ògiri pálọ̀. Aṣọ ilé ìwé girama ló wọ̀, ó dúdú bí kóró iṣin, ó ń dán. Mo ní Adúmáadán ni tèyí.

Ọjọ́ tó dé, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ni. Mo gbé omi jáde, mo kúnlẹ̀, ojú ń tì mí, n ò wò ó dáadáa. Mo ní, "Adúmáadán mi, ẹ kú àbọ̀." Nígbà tí mo máa gbójú sókè, ẹ̀gbọ́n mi, ọmọbìnrin náà ti bóra, ó ti pọ́n bí ìbẹ́pẹ, oríkèé ìka ọwọ́ nìkan ló ṣẹ́kù dúdú. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Azee, ìyàwó yín ti rí ọwọ́ ẹ o."

Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Mo nawọ́ sí fọ́tò, ìyẹn ló tún bà á jẹ́ jù. Ó yọ ọ́ kúrò lára ògiri, ó ní, "Ó dáa. Kíláàsì wo lo ti fi ilé ìwé sílẹ̀?" Mo dáhùn. Mo rò pé ó fẹ́ mọ̀ mí ni.

Láti ọjọ́ náà, Pámárì Fáìfù lorúkọ mi. "Pámárì Fáìfù, gbé ọṣẹ wá. Pámárì Fáìfù, ka ohun tó wà lára páálí oògùn yìí ká gbọ́." Ó ti padà síbi ìwé rẹ̀, orúkọ ò bá a lọ. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ àti Eyínfúnjowó, tí mo fún ní orúkọ tó dára, Pámárì Fáìfù náà ni wọ́n ń pè mí. Àwọn ọmọ àdúgbò ti sọ ọ́ dorin.

Ti ọkọ mi ló wá dùn mí wọ egungun. Ẹ mọ̀ pé káfíńtà ni, iwájú ilé ló ti ń ṣiṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, Ìbàdíàrán ló ń pè mí, ó sì máa ń ní kí wọ́n yé sọ tiwọn yẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà kan dúró tì í, ọkọ mi wá ní, "Pámárì Fáìfù, mú tépù wá." Oníbàárà rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Mo mú tépù náà fún un. Lọ́jọ́ kejì mo sọ fún un pé ó dùn mí. Ó ní, "Eré ni. Àbí irọ́ ni?"

Kì í ṣe irọ́. Ohun tó ń ta mí gan-an nìyẹn. Ìgbà tí Bàbá kú ni mo fi ilé ìwé sílẹ̀ tí mo bá Màmá lọ sóko Ìlobì, ẹ sì mọ̀ pé ipò kejì ni mo gbà lọ́dún náà.

Ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún: oṣù kẹta rèé tí n ò rí nǹkan oṣù mi. Bí mo bá bímọ tí orúkọ yìí ṣì wà nílẹ̀, ọmọ Pámárì Fáìfù ni wọn yóò máa pè é. N ò ní gbà. Láti àárọ̀ yìí, ẹni tó bá fi pè mí, n ò ní jẹ́ ẹ, ìbáà ṣe ọkọ mi. Bí wọ́n bá wá fẹjọ́ sùn yín pé mo yájú, ẹ bá mi dá wọn lóhùn. Mo ṣì nírètí o, torí ọkọ mi kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kàn fẹ́ pa oníbàárà lẹ́rìn-ín ni.

Ẹ bá mi kí Bọ̀dá, ẹ bá mi gbé Wisdom jó.

Èmi ni, àbúrò yín tó ń retí èsì,
Toheebat.

Ọkọ mi ló ń pè mí níta yìí. Ẹ̀ẹ̀mejì rèé, orúkọ yẹn náà ni. N ò tíì jẹ́. Ó ti gbé òòlù sílẹ̀, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá bi mí pé kí ló dé, màá ní kó pè mí ní Ìbàdíàrán, màá sì jẹ́.