Ìyá Tí Ó Jókòó Sábẹ́ Ẹní: Ìgbésí Ayé Màmá Juliana Modúpẹ́ Bádéjọ (1934–1989)

Ní àdúgbò Òkèṣà, ní ìlú Iléṣà, ni a ti bí Màmá wa ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta, ọdún 1934. Olóògbé Samuel Adéògún, akọrin ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ni bàbá wọn. Ìyá wọn, Olóògbé Felicia, wá láti Ògòtún Èkìtì níbi tí obìnrin ti ń hun ẹní. Ìyá náà gbìyànjú títí láti kọ́ Màmá ní ẹní híhun, ó sú u.

Ìwé ni tiwọn. Wọ́n jáde ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ìbàdàn ní ọdún 1955, wọ́n sì fi ìṣirò ṣe iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ jókòó síhìn-ín ti kí wọn "ẹ káàárọ̀ ma" rí, tí wọ́n fi ìbéèrè ìsọdipúpọ̀ dá yín lóhùn.

Ní ọdún 1958, wọ́n ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Ọ̀gbẹ́ni Josiah Bádéjọ, olùkọ́ bíi tiwọn. Wọ́n bí Dayọ̀ ní 1960. Bímbọ́lá dé ní 1973, nígbà tí kò sẹ́ni tó tún ń retí ọmọ mọ́. Ọlọ́run pe Bàbá ní 1978.

Ní ọdún 1980, ìjọ ń wá olùkọ́ tí yóò yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti lọ kọ́ àwọn ọmọ ní erékùṣù Sàmóà, láàárín agbami òkun Pàsífíìkì. Màmá ní ọdún méjì péré ni àwọn máa lò. Wọ́n fi Bímbọ́lá sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn, Màmá Adérónkẹ́, àti ọkọ rẹ̀, Bàbá Augustine, ní Park Forest, nílẹ̀ òyìnbó níhìn-ín. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kónílé má relé. Díẹ̀ ló kù kí Màmá sọ wọ́n di òpùrọ́. Ọdún méjì di mẹ́rin. Wọ́n ní Sàmóà jọ ilé, pé ọmọdé kì í wà lórí ìdúró bá àgbà sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ṣe ni yóò jókòó sílẹ̀. Àwọn obìnrin abúlé náà tilẹ̀ kọ́ wọn ní ẹní híhun tí ìyá wọn kò rí kọ́ wọn.

Ní oṣù Kejì ọdún 1984, wọ́n wá kí ẹbí. Bímbọ́lá ló ṣílẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Aunty. Mommy wà ní kitchen." Ẹ̀gbọ́n wọn ló ń pè ní Mommy. Màmá rẹ́rìn-ín wọlé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn wọ́n dé egungun. Wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n wọn pé, "Tó bá jẹ́ Aunty ni mo ṣì jẹ́ nígbà tí mo bá ń lọ, mi ò ní padà wá dà á láàmú mọ́. Mi ò ní já ọmọ gbà lọ́wọ́ yín."

Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí wọ́n padà, tíṣà Bímbọ́lá pè wọ́n kí wọ́n wá fi àṣà Sàmóà han kíláàsì. Wọ́n ró aṣọ olódòdó àwọn ará Sàmóà lé ṣòkòtò òtútù àti bàtà yìnyín, bí ẹni tí ojú ọjọ́ méjì ń bá jà. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ní ijó Sàmóà tí a ń fi ọwọ́ jó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tú ẹní dídán kan tí àwọn obìnrin abúlé náà fún wọn. Wọ́n ní ní Sàmóà, ẹni tó bá ṣẹ ìdílé kan yóò lọ jókòó síwájú ilé wọn, yóò fi irú ẹní yìí bo orí, kò ní fọhùn. Tí wọ́n bá dárí jì í, àwọn fúnra wọn ni yóò wá ṣí ẹní náà. Màmá jókòó sílẹ̀, wọ́n sì fi ẹní náà bo orí. Àwọn ọmọ nawọ́ sókè pé àwọn fẹ́ ṣí i. Eré ni lójú wọn. Màmá Adérónkẹ́, tó bá wọn wá, tó jókòó lẹ́yìn kíláàsì, mọ̀ pé kì í ṣe eré.

Ó pẹ́. Bímbọ́lá ń wo tábìlì rẹ̀. Nígbà tó yá, ó dìde, ó ṣí ẹní náà, ó ní, "Màámi, ẹ dìde, please. Floor yẹn tutù."

Màmá kò padà sí Sàmóà mọ́. Àwọn àti Bímbọ́lá gba ilé ní Oak Park, Màmá ń kọ́ni ní ìṣirò, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Àwọn ilé ìwé ń pè wọ́n títí dé Joliet láti wá fi àṣà Sàmóà hàn, àwọn kan sì rò pé ọmọ ibẹ̀ ni wọ́n. Bímbọ́lá ṣì ń pe Màmá Adérónkẹ́ ní Mommy. Kò dùn wọ́n mọ́.

Lẹ́yìn àìsàn tí wọ́n fi sùúrù gbé, wọ́n sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá, ọdún 1989. Wọ́n fi ọmọ méjì sílẹ̀, Dayọ̀ àti Bímbọ́lá, aya Dayọ̀, ọmọ ọmọ méjì, Ọmọ́níkẹ́ àti Kúnmi, àti ẹ̀gbọ́n wọn, Màmá Adérónkẹ́.

Ẹní tí ẹ rí lórí pósí yìí, ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Létí ibojì, Bímbọ́lá ni yóò ṣí i. Lọ́tẹ̀ yìí, kò ní sọ pé kí wọ́n dìde.

Màámi, ilẹ̀ kò ní tutù fún yín. Ẹ sùn, ẹ sùn re o.