Oúnjẹ Èmi àti Ọ̀gá Bébà

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Ẹ̀rí-Dà tún dé sí ilé ìtẹ̀wé mi. Oníṣirò owó mi nìyẹn — ẹnu ẹ̀ kì í kúrò lórí "ẹ̀rí dà?" Àsìkò owó orí ti tó. Ó ní oúnjẹ tí èèyàn bá jẹ níbi tó ti ń bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀ òwò, wọ́n máa ń yọ ọ́ kúrò nínú èrè kí wọ́n tó bu owó orí. Kí n ṣáà kọ ẹni tí a jọ jẹun àti ọ̀rọ̀ tí a sọ sẹ́yìn rìsíìtì kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Mo da rìsíìtì sórí tábìlì. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo bá jẹ gbogbo ẹ̀. Ọ̀gá Bébà. Òun ló ń kó bébà fún mi. Òun náà ló bí mi.
A ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ín ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Mi ò lè kọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Mo bẹ̀rẹ̀. "Iye tí bébà fẹ́lẹ́ ń lọ." "Páálí tí omi bà jẹ́." "Ẹ̀dínwó." Òótọ́ ni. Láti ìgbà tó ti fẹ́ ìyàwó tuntun, tí erùpẹ̀ orí sàréè màmá mi ò tíì gbẹ, kò sí ọ̀rọ̀ míì láàárín wa. "Ẹ̀yin oníbébà" ni mò ń pè é. Èmi ni mò ń san owó oúnjẹ, kó má baà di oore sí mi lọ́rùn. Òun á kàn rẹ́rìn-ín: "Oníbàárà mi, ẹ ṣeun." Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ, títí ikú fi dá sí i.

Ọjọ́rú, 12
Rìsíìtì ìkẹyìn sọnù. Mo lọ gba òmíràn nílé oúnjẹ tí a ti máa ń jẹun. Ìyá tó ni ibẹ̀ dì mọ́ mi. "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o, ọmọ Bàbá."
Mo ní, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ọmọ ẹ̀ ni mí?
"Háà! Ta ni ò mọ̀? Bàbá á ti dé ṣáájú yín tipẹ́tipẹ́, á ní ká nu tábìlì dáadáa, ọmọ òun ń bọ̀ wá bá òun jẹun. Ká má fi àlùbọ́sà sí tiyín, pé láti kékeré lẹ ti kórìíra ẹ̀."
Èmi tí mo rò pé wọn kì í fi àlùbọ́sà se nǹkan níbẹ̀ ni.
Inú mọ́tò ni mo ti sunkún. Mi ò rántí gba rìsíìtì.

Ọjọ́bọ̀, 13
Mo ní kí Ẹ̀rí-Dà yọ gbogbo oúnjẹ yẹn kúrò lára ìnáwó òwò, kí n san owó orí mi pé. Ó fárí gá. "Ẹ̀gbọ́n, òfin ò béèrè ẹni tó bí yín. Ẹ sọ̀rọ̀ òwò, ó parí! Bàbá gan-an ò ní gbà kẹ́ ẹ fowó ṣòfò báyìí."
Ó ṣeé ṣe. Bàbá mọ iyì owó.

Ọjọ́ Ajé, 17
Mo san án. Ó dùn mí lápò.
Ẹ̀rí-Dà ní kí n kọ ìdí tí mo fi yọ wọ́n, kó lè fi sínú fáìlì. Ó ti ń retí àlàyé gígùn.
Mo kọ ọ́: Èmi àti bàbá mi la jọ ń jẹun.