Òpin Ìwé Tí Mo Yí Padà Fún Àbẹ̀kẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ tó bú mi. Òkè bọ́ọ̀sì ni mo jókòó sí lọ́jọ́ náà, mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, mo ń ka ìwé kan tí mo yá ní library Swinton, ládùúgbò wa ní Manchester. Ìtàn àròsọ ni, nípa obìnrin Òyìnbó kan àti ọkọ rẹ̀. Mo ti kà á dé bí ìdajì, mo sì ti ń sọ nínú ara mi pé ìwé yìí mà falẹ̀ o, kò sí nǹkan kan tó ń ṣẹlẹ̀, ọkùnrin náà kò na ìyàwó rẹ̀, kò tilẹ̀ pariwo mọ́ ọn. Àfi bí mo ṣe dé ibi tí obìnrin náà ti ọjà dé, tí ọkọ rẹ̀ bá a bọ́ kóòtù lẹ́nu ọ̀nà, tó rọra gbé kọ́là kóòtù náà sí imú, tó ń gbóòórùn rẹ̀ láti mọ ibi tí ìyàwó rẹ̀ ti wá... Mo pa ìwé dé. Ohun tí ọkọ mi máa ń ṣe sí mi ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ nìyẹn, èmi sì ti ń pè é ní ìfẹ́. Mo tún ṣí ìwé náà, mo ń kà á bí ẹni tí ebi ń pa. Ọkùnrin náà gba kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀... tèmi náà gbà á. Ó ń sọ fún aládùúgbò pé orí ìyàwó òun kò pé... tèmi ti sọ ọ́ fún pásítọ̀ wa. Ó gbé páàsípọ́ọ̀tù rẹ̀ pamọ́... láti ìgbà tí a ti dé Manchester, mi ò fojú kan tèmi. Bọ́ọ̀sì kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀ kalẹ̀, mi ò mọ̀.

Inú ilé ìwẹ̀ ni mo ti parí ìwé náà, mo ti ilẹ̀kùn, mo ṣí omi sílẹ̀ kó máa dún. Obìnrin náà sá lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wá, ó sunkún, ó gbé òdòdó dání, gbogbo ẹbí bá a bẹ̀bẹ̀. Obìnrin náà padà sílé. Ojú ìwé tó kẹ́yìn, ilẹ̀ ilé ìdáná ni wọ́n ti bá òkú rẹ̀, omi tíì ṣì ń hó lórí iná. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n parí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ni mo ti kà tí mo ti sunkún sí, ṣùgbọ́n mi ò sunkún sí ìyẹn. Ẹ̀rù kò jẹ́ kí ẹkún wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lè yé yín. Mọ́dà sùkúù ni mo kà dé nílé, mi ò dé gírámà, ilé ìdáná sùkúù kan ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́ níbí, ṣùgbọ́n kò sí irú ìwé tí mi ò lè kà. Ìtàn ìfẹ́, ìtàn apànìyàn, ìwé àwọn tó gun òkè yìnyín, gbogbo rẹ̀ ni mò ń kà. Ní ọ̀sán Sátidé, àwọn obìnrin wa máa ń wá dirun ní ilé ìdáná mi, ìwé tí mo bá sì kà lọ́sẹ̀ náà ni mo máa ń fi Yorùbá sọ fún wọn bí mo ṣe ń dirun. Màmá Rochdale wà níbẹ̀, opó ni, ọmọ Ìbàdàn, a ń fi ibi tó ń gbé pè é. Tó bá jẹ́ ìtàn apànìyàn, kí n tó dé àárín ni màmá á ti pariwo pé, “Ẹni tó ń po tíì fún wọn yẹn ni! Ẹ mú un!” Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló sì máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Àbẹ̀kẹ́ náà wà níbẹ̀, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an nìyẹn, ọmọ Ìlọrin tó kéré sí mi dáadáa, tó ń pè mí ní Àǹtí. Kò lọ sí ilé ìwé rárá. Àwọn ènìyàn inú ìwé dà bí ẹbí lójú rẹ̀, á máa bú wọn, á máa gbàdúrà fún wọn, tó bá pàdé mi ní precinct, níbi tí àwọn ṣọ́ọ̀bù wà, láàárín ọ̀sẹ̀ á béèrè pé ṣé ara ọmọbìnrin inú ìwé yẹn ti yá. Ọkọ rẹ̀ ń wa takisí, ọ̀rẹ́ ọkọ mi ni. Ó máa ń nà án. Gbogbo wa la mọ̀.

Ní àsìkò ìwé tí mò ń sọ yìí, Àbẹ̀kẹ́ ti sá kúrò nílé ọkọ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Màmá Rochdale ló wà, ní yàrá ẹ̀yìn. Ọkọ rẹ̀ ti ń rán àwọn àgbà wá bẹ̀ ẹ́, Àbẹ̀kẹ́ kò sì tíì mọ èyí tí òun máa ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú ìwé náà wá sọ. Mo fẹ́ kó gbọ́ òpin rẹ̀, Ọlọ́run ló mọ̀. Mo fẹ́ kó gbọ́ ọ láìjẹ́ pé èmi ni mo sọ fún un pé kó má padà.

Mo pín in sí Sátidé méjì. Ní Sátidé kejì, ọkọ mi wà ní pálọ̀, ó ń wo ìjàkadì lórí tẹlifíṣọ̀n. Orí Àbẹ̀kẹ́ wà láàárín orúnkún mi, ìyàrun wà lọ́wọ́ mi, mo ti dé ibi tí ọkùnrin náà ti ń sunkún pẹ̀lú òdòdó. Mo wá ṣàkíyèsí pé mi ò gbọ́ ariwo ìjàkadì mọ́. Ó ti pa á. Bí mo ṣe gbójú sókè, ó ti dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn, kọ́ọ̀pù tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Kí ni obìnrin yẹn wá ṣe? Ó padà sílé ọkọ rẹ̀ àbí kò padà?”

Mo ní ó padà.

“Hẹn-ẹ́n. Ọkọ rẹ̀ wá ńkọ́?”

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo ní ọkọ rẹ̀ ronú pìwà dà. Mo ní ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ìyàwó rẹ̀, mo ní wọ́n bí ọmọbìnrin kan, wọ́n sì dàgbà pọ̀ títí irun wọn fi funfun. Mo ń hun ún bí mo ṣe ń hun irun. Màmá Rochdale pòṣé, ó ní, “Irọ́ ni. Irú ọkùnrin yẹn kì í yí padà, àfi tí wọ́n bá ti sin ín.” Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní, “Màmá, ẹ̀yin náà le o! Ìwé gidi nìyẹn,” ó sì padà sídìí ìjàkadì rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ wá yí ojú sókè wò mí, ó fohùn jẹ́jẹ́ béèrè pé, “Àǹtí, ṣé bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n kọ ọ́?” Mo ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Mo gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀, mo rí bí ọrùn rẹ̀ ṣe rọ̀ lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ Mọ́ńdè, ó padà sílé ọkọ rẹ̀.

Mo lè pè é lórí fóònù ní ọjọ́ Sọ́ńdè. Mi ò pè é. Mo sọ fún ara mi pé tí mo bá sọ òótọ́ fún un, ó lè bọ́ sí ọkọ rẹ̀ létí, ọkọ rẹ̀ á sọ fún tèmi, èmi náà sì ti ń múra láti sá. Ìyẹn jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí... Yàrá ẹ̀yìn yẹn nìkan ni Màmá Rochdale ní fún àlejò. Mo mọ̀. Mo sì mọ̀ pé mi ò ní ibòmíràn tí mo lè sá sí. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo gbé báàgì kan wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Rochdale, orí bẹ́ẹ̀dì tí Àbẹ̀kẹ́ fi sílẹ̀ ni mo sì sùn. Ṣé mo ti ronú kan bẹ́ẹ̀dì yẹn nígbà tí mò ń purọ́? Mo ti bi ara mi títí, mi ò mọ̀... mi ò mọ̀ lóòótọ́. Òpin tòótọ́ ni mo mú fún ara mi, mo sì fún un ní èyí tí mo fi ẹnu ara mi hun.

Ọkọ mi wá mi wá. Màmá yọjú láti fèrèsé òkè, ó ní tí kò bá kúrò lẹ́nu ọ̀nà òun, omi tí òun fi fọ ẹja lòun máa dà sí i lórí. Nígbà tó yá ó lọ sí Amẹ́ríkà, mo gbọ́ pé ó ti fẹ́ ìyàwó níbẹ̀. Mo ṣàánú ìyàwó náà, ṣùgbọ́n mo sùn lóru ọjọ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ ti Àbẹ̀kẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà òtútù ọdún yẹn, ọkọ rẹ̀ lù ú débi pé ojú òsì rẹ̀ fọ́. Wọ́n gbé ọkọ náà lọ sí kọ́ọ̀tù, ó ṣẹ̀wọ̀n, ó jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró sí òdìkejì títì ilé wa, kò ní sọ̀rọ̀, á kàn máa wò. Àbẹ̀kẹ́ ti wá ń gbé pẹ̀lú mi nígbà náà, nínú ilé tí mo ti gbà fún ara mi, èmi ni mo mú un láti hospital. Ọ̀pọ̀ ọdún la fi gbé lẹ́yìn ṣéènì ilẹ̀kùn, tí a kì í ṣí kọ́tìnì. Mo se oúnjẹ fún un, mo mú un lọ sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ kó lè kọ́ ìwé kíkà. Ó ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé mo ju ẹ̀gbọ́n lọ. Ẹ sọ fún mi, irú ẹ̀gbọ́n wo?

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn mo tún ka ìwé kan tí kì í ṣe ìtàn àròsọ, obìnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ààbò àwọn ìyàwó tí wọ́n ń lù ló kọ ọ́. Ó gbẹ bíi burẹ́dì àná, kò sí adùn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣàlàyé bí ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń le sí i tí ìyàwó tó sá bá tún padà. Mo dá a padà sí library láìkà á tán. Láti ìgbà náà, mi ò lè ka ìwé kankan láìkọ́kọ́ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, bóyá ìtàn ìfẹ́ ni o, bóyá ti apànìyàn ni o. Adùn ìwé kíkà ti lọ lẹ́nu mi.

Ní Sátidé tó kọjá, àbúrò ọkọ Àbẹ̀kẹ́ pè láti Ìlọrin. Ó ní ọkọ Àbẹ̀kẹ́ ti padà sí Ìlọrin láti ọjọ́ díẹ̀, a kò tilẹ̀ mọ̀, àìsàn ló ṣe é, wọ́n ti sin ín. Àbẹ̀kẹ́ gbé fóònù sílẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, kò sunkún. Ó mú screwdriver, ó tú ṣéènì ara ilẹ̀kùn, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, atẹ́gùn wọlé. Ó ní, “Àǹtí, a ti bọ́.” A jókòó, a mu tíì, ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí.

Ìgbà náà ló wá sọ fún mi pé òun ti lè ka ìwé gidi báyìí, pé ìwé tí òun fẹ́ kọ́kọ́ kà ni ìwé wa ọjọ́ yẹn, ti ọkùnrin tó ronú pìwà dà. Ó ní nígbà tí òun wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní hospital, ìwé yẹn ni òun ń rò. Ó ní tí ọkùnrin inú ìwé bá lè yí padà, tí ti òun kò yí, á jẹ́ pé sùúrù òun ni kò tó. Ó ti ń gbé e kiri láti ọdún wọ̀nyí... pé ẹ̀bi òun ni.

Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi. Mo ti ra tèmi tipẹ́, abẹ́ aṣọ ni mo ń fi í pamọ́ sí. Ó wà lórí itan mi bí mo ṣe ń kọ èyí, Àbẹ̀kẹ́ sì wà nísàlẹ̀, ó ń kọrin, ó ti béèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Tí mo bá ní ó ti sọnù, á lọ bá wọn ní library. Tí mo bá fún un, á mọ̀ pé kì í ṣe sùúrù rẹ̀ ni kò tó, ṣùgbọ́n á mọ ẹni tó rán an padà sílé náà. Ojú kan ló kù fún un láti fi kà á. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n sọ ọ́ lẹ́nu kó tó ṣí i ni? Àbí kí n gbé e fún un, kí n sì jókòó tì í títí tó máa fi dé ojú ìwé tó kẹ́yìn?