Agogo Tíṣà Kò Dún Mọ́

Bàbá mi, Tíṣà gbogbo ìlú Ajue,

Mi ò kọ àdírẹ́ẹ̀sì sókè lápá ọ̀tún bí ẹ ṣe kọ́ wa. Ẹ má bínú. Ilé wa ṣì wà níbi tí ẹ fi í sí, ibi tí ẹ̀yin wà báyìí ni mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ẹ ṣáà kà á tán ná, kí ẹ tó mú bírò pupa.

Ẹ̀ṣẹ̀ kan ni mo fẹ́ jẹ́wọ́. Agogo yín ti lọ. Rímù lọ́rì tí ẹ so mọ́ igi máńgòrò iwájú sùkúù, tí ẹ lù ní gbogbo ìgbà tí ẹ fi ṣiṣẹ́ tíṣà, tí ẹ tún ń lù lẹ́yìn tí ẹ fẹ̀yìn tì, torí kò sí ọ̀gá sùkúù tó láyà láti gba irin tí ẹ fi ń lù ú lọ́wọ́ yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ dákẹ́ díẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan. Àwọn ọmọ á sáré lọ tò, àwọn tó ń lọ sóko kòkó á gbé àdá, ojú á sì ti ẹni tó ṣì ń sùn. Lọ́jọ́ Ìsinmi, òun náà ló ń pè wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí ẹ ti ń ka Bíbélì bí ẹni tó máa bi wá ní ìbéèrè lórí rẹ̀. Ẹ sì ń bi wá lóòótọ́. Tó bá jẹ́ ọjọ́ tí ìlú fẹ́ ro ojú ọ̀nà, ẹ̀yin lẹ máa lù ú, ẹ̀yin náà lẹ máa kọ́kọ́ dé ibẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ yín.

Nígbà tí Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba sójà yẹn, mú kí ilé iṣẹ́ wa l'Ékòó kógbá wọlé, tí mo kó ẹrù mi wálé, orí ibùsùn ni mo bá yín. Ẹ kò béèrè nǹkan mìíràn lọ́wọ́ mi ju pé kí n má jẹ́ kí agogo dákẹ́. Mo ṣèlérí. Mo pè é ní ọ̀rọ̀ kékeré.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí a sin yín, mo lù ú. Nígbà tí mo wọlé, ẹ̀kọ àti àkàrà wà lórí tábìlì yín, Màmá ti fi abọ́ dé e. Mo rò pé ọ̀fọ̀ ló ń ṣe é. Ọ̀sẹ̀ kẹta pé, ẹ̀kọ ṣì ń dé orí tábìlì. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ó ti gbàgbé pé ẹ kú. Ṣé iyè rẹ̀ ti ń rá kí ẹ tó lọ? Ṣé ẹ̀ ń bò ó mọ́lẹ̀ fún wa ni? Tó bá ti gbọ́ agogo, lójú tirẹ̀, ẹ̀yin lẹ lù ú, ẹ ó sì wọlé wá jẹun. Tí ẹ kò bá wọlé, á jókòó ti oúnjẹ náà títí á fi tutù, á máa sunkún pé kí lòun fi ṣẹ̀ yín.

Mi ò lè máa wò ó bẹ́ẹ̀. Mo ṣíwọ́ agogo. Ọjọ́ mẹ́jọ péré, Bàbá. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, okùn nìkan ló kù lórí igi. Nígbà tó ń dún lójoojúmọ́, ta ló jẹ́ fọwọ́ kàn án? Àmọ́ irin tó bá ti dákẹ́, irin lásán ni. Ìlú sì le, àwọn tó ń ra irin àlòkù ní Ore kì í béèrè ibi tí wọ́n ti tú u.

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ore. Ẹ̀yìn gáréèjì ni mo ti bá òkìtì rímù, gbogbo wọn jọra. Mo mú òkúta, mo ń lù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń dẹ etí sí i. Àwọn ọmọ gáréèjì rẹ́rìn-ín títí, wọ́n rò pé ìlú tó le yìí ti dé orí mi. Mi ò gbọ́ ohùn yín nínú wọn. Tàbí ó wà níbẹ̀ tí mi ò dá a mọ̀. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Àwọn ọmọ sùkúù ń dé nígbà tó bá wù wọ́n báyìí. Tíṣà kan ṣoṣo ló kù, ìjọba sójà ti dá àwọn yòókù dúró. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìwàásù á ti fẹ́ parí kí ìdajì ìjọ tó wọlé. Ẹ̀yin ì bá ti bínú. Kò sẹ́ni tó ń bínú mọ́, gbogbo rẹ̀ ti sú kálukú.

Ti Màmá ló burú jù. Mo ti rò pé tí agogo kò bá dún, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Irọ́ ni. Agogo kò dún, torí náà ilẹ̀ kò tíì mọ́ lójú rẹ̀. Á jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí di ọ̀sán, kò ní dáná, kò ní fẹnu kan nǹkan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rù.

Ohun tí mò ń ṣe nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Láràárọ̀, mo máa ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé, màá fi òkúta lu ìdí ìkòkò irin ńlá. Ẹ̀ẹ̀mẹta, màá dákẹ́ díẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan. Ohùn rẹ̀ kò dáa, kò sì dé ọ̀dọ̀ àwọn ará àdúgbò. Ó ń dé etí Màmá. Màá dé fìlà yín, màá wọlé, màá jókòó lórí àga yín, màá jẹ ẹ̀kọ yín. Màmá á kúnlẹ̀ kó abọ́, inú rẹ̀ á dùn, òun náà á wá jẹun.

Lánàá, bó ṣe ń nu tábìlì, ó béèrè lọ́wọ́ yín pé ìgbà wo ni èmi máa ti Èkó dé. Ó ní ó ti pẹ́ jù, àárò mi ń sọ òun. Ojú mi ló ń wò, Bàbá. Ìyá tó bí mi. Mo fi ohùn yín dá a lóhùn pé mo máa tó dé.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
tó wà nílé, tí wọ́n ṣì ń retí rẹ̀.