Òjìji yín nígun fọ́tò

Ìlaró, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì

Bàbá Rìsí, ọkàn mi ò tíì balẹ̀.

Rìsí ń tún fọ́tò tí ẹ yà mí lóko Òkè-Ọ̀dàn ṣe lórí kọ̀ǹpútà, fún kàlẹ́ńdà àdúrà ọdún kan ikú yín. Ilẹ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú rẹ̀.

“Bàbá mà ya fọ́tò yìí o! Gbogbo ẹ̀gẹ́ fẹ́ ṣubú!”

“Ebè ni wọ́n fẹsẹ̀ kan tẹ̀,” mo ní.

Ó yí i títí ilẹ̀ fi tẹ́jú. Àṣé bó ṣe ń tọ́ ni igun rẹ̀ ń gé kúrò. Òjìji yín, tòun ti fìlà, ti lọ.

“Dá a padà, jọ̀ọ́.”

“Kó wọ́ báyẹn, Màmá?”

“Kó wọ́.”

Àwọn èèyàn á sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí fọ́tò mìíràn tí àwa méjèèjì jọ wà.