Fóònù Tí Wọ́n Ta Òróró Sí

Ẹ̀gbọ́n mi Àlàbá,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ, mo kí gbogbo ará ilé ní Ìkìrun. Ibà dá ọkọ mi dùbúlẹ̀ níbí ní Gardnersville, nílẹ̀ àjèjì yìí, ṣùgbọ́n ó ti ń jẹun.

Ẹ ní mo kọ̀ láti gbé fóònù lọ́jọ́ tí Màámi kú. Ẹ gbọ́ tèmi. Ọwọ́ Akíndélé, ará ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Carey Street, ni mo ti rà á. Ó ní bó bá lábùkù láàárín oṣù mẹ́ta, òun á pààrọ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní, kì í dún tí èèyàn bá pè. Mo gbé e padà. Ó ní kí pásítọ̀ kọ́kọ́ gbàdúrà sí i, bí a ṣe máa ń ṣe sí gbogbo nǹkan tuntun. Pásítọ̀ ta òróró sí i. Àmín Akíndélé ló ròkè jù. Nígbà tí mo tún padà lọ, ó tú u, ó ní òróró ti wọ inú rẹ̀, òun ò lè gbà á mọ́. Mo ní kò kúkú dún kí a tó ta òróró sí i.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Màámi pè. Fóònù wà nínú àpò mi lọ́jà; mo délé kí n tó rí i pé wọ́n ti pè lẹ́ẹ̀mọ́kànlá.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé ibi tí ẹ sin wọ́n sí, kí ẹ sọ fún wọn pé kò dún.

Àbúrò yín,
Mọ́fẹ́yìsára