Ihò Tó Wà Lórí Ọbabìnrin

Sátidé, oṣù Kẹta, 2004

Inú ṣì ń bí mi. Mo mú ṣílè ìyá mi àgbà, èyí tó ní orí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì, lọ fi han bàbá kan tó ń ta owó àtijọ́ nítòsí Moore Street, nílùú òyìnbó tí mò ń gbé. Ó ní, "Ì bá dára o. Òmùgọ̀ wo ló lu ihò sí i lórí?"

Ìyá àgbà ló fi ìṣó lù ú, kó lè ki okùn bọ̀ ọ́, kó so ó mọ́ ìyá mi lọ́rùn nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Ó kàn ń fi dígí tó ń mú nǹkan tóbi wo imú Ọbabìnrin ni, àti ìborí rẹ̀. Kò bi mí léèrè orúkọ ìyá àgbà.

Ìyá àgbà ò ya fọ́tò rí. Ihò yẹn nìkan ni mo ní tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.